Áàpù ímeèlì ẹgbẹ́ ń há ṣáá? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni format kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ka èyí

Ọ̀rọ̀ tòní kan àwọn akọ̀wé gan-an, àmọ́ ó yẹ kí alága àti akápò náà kà á. Ó dá lórí áàpù ímeèlì orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn Outlook tàbí Thunderbird, tí ẹ ó ṣí tí ó wá dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ á funfun, àmì róbótó kékeré á máa yí, wọ́n á kọ Not Responding sí i lókè, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dáhùn. Òun làwọn ọmọ wa ń pè ní pé ó hang. Níbí, a ó kàn máa sọ pé ó há.

Ohun tó sábà ń tẹ̀ lé e ni ìjayà. Ìpàdé ku ọ̀la. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nílé wà nínú Inbox. Orúkọ àwọn tó ti san owó ìrànwọ́ ìsìnkú wà nínú ímeèlì tí akápò fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sí èyí tó ṣeé ṣí. Wọ́n á pe ọmọ kan tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀. Ọmọ náà á wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á ní, "Dádì, Windows ẹ̀ ló ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ n format ẹ̀." Kí ilẹ̀ tó ṣú, kọ̀ǹpútà á ti máa sáré bí ẹṣin. Àmọ́ lẹ́tà ọdún méje tàbí mẹ́jọ á ti bá a lọ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: áàpù tó há kò tíì kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́tà yín ṣì wà níbẹ̀ láìfarapa. Ẹrù ló pọ̀ jù fún áàpù náà, tàbí kí nǹkan kan dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Format ló ń pa lẹ́tà, kì í ṣe híhá. Àwọn àgbà sì ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ jẹ́ ká fẹ̀sọ̀ mú un.

Kí ló ń jẹ́ kó há?

Ẹni tó ń fi fóònù ka Gmail lè má mọ ìyàtọ̀ yìí. Áàpù orí kọ̀ǹpútà máa ń kó lẹ́tà wá sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ó sì ń tọ́jú wọn sínú fáìlì. Outlook máa ń kó gbogbo rẹ̀, lẹ́tà, fọ́tò, orúkọ èèyàn àti ọjọ́ ìpàdé, sínú fáìlì ńlá kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .pst tàbí .ost. Thunderbird ní tiẹ̀ ń lo fáìlì kọ̀ọ̀kan fún fódà kọ̀ọ̀kan: gbogbo lẹ́tà inú Inbox wà nínú fáìlì kan, gbogbo èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ wà nínú òmíràn.

Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń kọ nǹkan sí láti ọdún 2012, tí wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí, tí wọ́n sì ń lẹ ìwé ìpè ìnáwó àti fọ́tò mọ́ ojú ewé rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí akọ̀wé wá lẹ́tà kan jáde nínú rẹ̀, ó dájú pé á pẹ́. Bọ́rọ̀ áàpù náà ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá rò pé ó há, ó lè jẹ́ pé ó ń ṣí ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan ni.

Fọ́tò àti àwọn ìwé tí wọ́n ya ní fọ́tò ló ń wúwo jù. Kí ímeèlì tó lè gbé fọ́tò, ó ní láti sọ ọ́ di lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì, èyí sì ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún ìwọ̀n rẹ̀. Fọ́tò tó jẹ́ MB 3 á di bíi MB 4 nínú lẹ́tà. Bí ọgbọ̀n èèyàn bá fi fọ́tò ayẹyẹ ọdún ránṣẹ́ sí akọ̀wé, ẹ mọ iye tó kù.

Nǹkan míì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé lẹ́tà tí ẹ pa rẹ́ kò tíì kúrò nínú fáìlì. Áàpù kàn fà á lé lórí ni, bí ẹni fi bírò fa orúkọ lé nínú ìwé: orúkọ náà kò ṣeé kà mọ́, àmọ́ àyè tó gbà ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè pa ẹgbẹ̀rún lẹ́tà rẹ́ kí fáìlì náà má fi nǹkan kan dín kù, àfi tí ẹ bá sọ fún áàpù pé kó ká ara rẹ̀ jọ. A ó débẹ̀.

Microsoft fúnra wọn fi ààlà sí fáìlì yìí. Títí dé Outlook 2002, fáìlì kan kò lè ju GB 2 lọ. Outlook 2003 àti 2007 ń gba GB 20. Láti Outlook 2010 wá, ó di GB 50. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ jẹ́ GB 4, tí hard disk rẹ̀ sì jẹ́ irú ti àtijọ́ tó ń yí, á ti máa mí hẹlẹ tipẹ́ kí fáìlì tó dé ìdajì ìyẹn.

Yàtọ̀ sí ẹrù, nǹkan mẹ́rin míì ló tún ń fa híhá: àwọn áàpù kéékèèké tó rọ̀ mọ́ Outlook tàbí Thunderbird lára, antivirus tó ń yẹ gbogbo lẹ́tà wò, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀, àti iná tó lọ lójijì nígbà tí fáìlì ṣì wà ní ṣíṣí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà

Ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà.

Bí áàpù bá há, ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager á ṣí. Ẹ wá orúkọ áàpù náà níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ End task. Ẹ má fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ, ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ títí tó fi máa kú, nítorí ìyẹn gan-an ló ń ba fáìlì jẹ́.

Tí ó bá jẹ́ Outlook, fáìlì .pst sábà máa ń wà nínú Documents, nínú fódà tó ń jẹ́ Outlook Files. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ %localappdata%\Microsoft\Outlook sínú àpótí kékeré tó yọ, kí ẹ tẹ Enter. Tí ó bá jẹ́ Thunderbird, ẹ kọ %appdata% sínú àpótí yẹn, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà fódà Thunderbird lódindi.

Bí ó bá jẹ́ .ost nìkan ni ẹ rí, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀dà ohun tó wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń gbé ímeèlì yín ni .ost. Ẹ fi Chrome tàbí Firefox wọ inú ímeèlì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fojú ara yín rí i pé lẹ́tà ọdún pípẹ́ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí wọn, kò séwu.

Ibi kan wà tó ti sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ fẹ́ kó fáìlì náà sórí fúláàṣì tó ní àyè GB 60, kọ̀ǹpútà ní fáìlì ti tóbi jù. Fúláàṣì kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ṣètò ní FAT32, tí kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó GB 4, bó ti wù kí àyè inú rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ kó ohun inú fúláàṣì náà kúrò, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ mú Format, kí ẹ yan exFAT. Fúláàṣì nìkan la ní kí ẹ format o, kì í ṣe kọ̀ǹpútà!

Ẹ̀dà méjì ló dára jù, kí ọ̀kan má sì wà níbi tí kọ̀ǹpútà wà. Àwa tá a wà ní Onitsha kò tíì gbàgbé iná ọkọ̀ agbépo tó ṣẹlẹ̀ ní Upper Iweka lóṣù Kẹwàá ọdún 2019, tó jó wọ ọjà Ochanja. Bí kọ̀ǹpútà àti fúláàṣì bá jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ohun tó bá mú ọ̀kan á mú èkejì. Kí akọ̀wé mú ọ̀kan, kí alága mú èkejì lọ sílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wádìí ibi tó ń dùn ún

Dókítà kì í fún èèyàn lóògùn kó tó bi í pé níbo ló ń dùn ún. Ìdánwò mẹ́ta péré ló wà níbí.

Àkọ́kọ́, ṣé áàpù ímeèlì nìkan ló ń há, àbí gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń lọ́ra? Ẹ ṣí Word, ẹ ṣí fọ́tò kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń fà, ẹ padà sí Task Manager kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Tó bá dúró sí 100% fún àkókò gígùn, hard disk ló ti rẹ̀ tàbí tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún un. Ẹ tún wo àyè tó kù nínú C. Bí àyè bá ti fẹ́ tán, kò sí áàpù tó máa rọ́nà mí.

Ìkejì, ẹ pa Wi-Fi tàbí hotspot fóònù yín, kí ẹ wá ṣí áàpù náà. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, a jẹ́ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tàbí lẹ́tà ńlá kan tó ń wọlé ló ń dá a dúró. Ẹ lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lágbára, ẹ jẹ́ kó gba gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Tí ó bá ṣì há láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, inú ilé ni wàhálà wà.

Ìkẹta, ẹ ṣí i láìjẹ́ kí áàpù kéékèèké kankan bá a wọlé. Fún Outlook, ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ outlook.exe /safe, ẹ tẹ Enter. Fún Thunderbird, ẹ di bọ́tìnnì Shift mú nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, á bi yín bóyá Troubleshoot Mode lẹ fẹ́. Àwọn ti àtijọ́ ń pè é ní Safe Mode. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fàà báyìí, áàpù kéékèèké ni ọ̀daràn. Bí ó bá há síbẹ̀, ẹrù inú fáìlì la máa dojú kọ.

Tí ó bá jẹ́ Outlook lẹ ń lò

Outlook tó ní File lókè lápá òsì la ń sọ níbí, kì í ṣe tuntun tó ń bá Windows 11 wá.

Fún ọ̀rọ̀ áàpù kéékèèké, ẹ tẹ File, lẹ́yìn náà Options, kí ẹ tẹ Add-ins. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Manage sí, ẹ yan COM Add-ins kí ẹ tẹ Go. Ẹ yọ àmì kúrò níwájú gbogbo wọn, ẹ ti Outlook pa, ẹ tún un ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá dá padà tí ó tún há, òun ni kó má padà wá mọ́.

Fún ọ̀rọ̀ ẹrù, ẹ tẹ View, ẹ ní kó to lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí Size. Àwọn tó wúwo jù á wá sókè. Ẹ kó fọ́tò àti ìwé tó bá ṣe pàtàkì jáde sínú fódà lásán, kí ẹ tó pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́. Ẹ rántí kó Deleted Items dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ File, Account Settings, kí ẹ tún tẹ Account Settings lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ lọ sí Data Files, ẹ yan fáìlì yín, ẹ tẹ Settings, kí ẹ wá tẹ Compact Now. Ìkájọ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ó lè gba àkókò o, ẹ má dá a dúró.

Bí lẹ́tà bá pọ̀ tí ẹ ò sì fẹ́ pa wọ́n rẹ́, ẹ pín wọn. Ẹ tẹ Home, New Items, More Items, Outlook Data File, kí ẹ fún fáìlì tuntun náà lórúkọ, bíi Lẹ́tà 2012 sí 2018. Ẹ fi máòsì wọ́ lẹ́tà àtijọ́ lọ síbẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ìgba tàbí ọ̀ọ́dúnrún lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá tán, ẹ tún ká fáìlì àkọ́kọ́ jọ. Ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ á fúyẹ́.

Bí Outlook bá ń sọ pé fáìlì náà ti fara pa, Microsoft ti fi irinṣẹ́ ìwòsàn sínú Office fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni SCANPST.EXE. Nínú Office 2016 àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ó sábà máa ń wà nínú C:\Program Files\Microsoft Office\root\Office16, tàbí ní Program Files (x86). Ẹ ti Outlook pa, ẹ ṣí i, ẹ fi Browse wá fáìlì .pst yín, ẹ tẹ Start, lẹ́yìn náà Repair. Ẹ má yọ àmì tó ní kó ṣe ẹ̀dà kó tó tún un ṣe. Bí fáìlì bá tóbi, ó lè gba wákàtí mélòó kan, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa ṣe é kó tó mọ́. Ẹ má lọ gba irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fáírọ́ọ̀sì ló sábà ń wà nínú wọn.

Tí ó bá jẹ́ Thunderbird

Ọ̀fẹ́ ni Thunderbird, ó sì ti wà láti ọdún 2004, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ ra Office fi ń lò ó. Àìsàn rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni Inbox tó ti di òkè.

Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ Inbox, ẹ yan Compact. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Sent àti Trash náà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé àyè tó kù nínú C ju bí fáìlì Inbox ṣe tóbi lọ, torí pé ẹ̀dà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ ṣe kó tó ju ti àtijọ́ nù.

Bí lẹ́tà bá ń sọnù lójú, tàbí tí àkọlé kan bá ń ṣí lẹ́tà míì, àtòjọ rẹ̀ ló ti dàrú, lẹ́tà kò ṣe nǹkan kan. Ẹ tún fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fódà náà, ẹ yan Properties, kí ẹ tẹ Repair Folder. Á tún àtòjọ náà kọ látìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá fódà sílẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kó lẹ́tà ọdún tó bá ti kọjá síbẹ̀. Inbox kò yẹ kó jẹ́ ilé ìṣúra, ẹnu ọ̀nà ni. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára, ẹ lọ sí Settings, ní General, kí ẹ yọ àmì níwájú Enable Global Search and Indexer. Wíwá lẹ́tà lè má fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́, àmọ́ híhá á dín kù.

Iná, antivirus àti OneDrive

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹgbẹ́ ń lò ni bátìrì wọn ti kú, tó jẹ́ pé orí iná nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ nígbà tí Outlook ṣì ń kọ nǹkan sínú fáìlì, ó dà bí ẹni gba bírò lọ́wọ́ akọ̀wé láàárín gbólóhùn. Ẹ fi bátìrì tuntun sí i, tàbí kí ẹ ra UPS kékeré. Ẹ sì sọ ọ́ di àṣà: kí ẹnikẹ́ni tó lọ pa jẹnẹrétọ̀, kí ó kọ́kọ́ ti áàpù ímeèlì pa.

Antivirus dára, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ lè wọ inú fáìlì lẹ́tà, kó dì í mú. Nínú Thunderbird ọ̀rọ̀ náà léwu sí i: bí ó bá rí lẹ́tà burúkú kan nínú Inbox, ó lè gbé gbogbo fáìlì Inbox sẹ́wọ̀n, nítorí fáìlì kan náà ni wọ́n. Ẹ lọ sínú ètò antivirus, níbi tí wọ́n kọ Exclusions sí, kí ẹ fi fódà lẹ́tà yín síbẹ̀. Ẹ ṣì máa ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tí ẹ ń ṣí o.

OneDrive náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí fódà Documents yín bá wà lábẹ́ OneDrive, ó ń gbìyànjú láti gbé fáìlì .pst sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo tí nǹkan kékeré bá yí padà nínú rẹ̀. Dátà yín á máa lọ, Outlook á máa há. Ẹ ti Outlook pa, ẹ gbé fáìlì náà lọ sí fódà míì lórí C, bíi C:\Lẹ́tà. Nígbà tí Outlook bá béèrè ibi tó wà, ẹ fi hàn án.

Nígbà míì, kì í ṣe híhá rárá

Àwọn kan á ní áàpù ti há, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ni pé ó ń béèrè páásíwọọ̀dù léraléra, tí kò sì gba èyí tó tọ́. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Láti ọgbọ̀njọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Google kò jẹ́ kí áàpù àtijọ́ fi páásíwọọ̀dù lásán wọ inú Gmail mọ́. Microsoft náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Hotmail àti Outlook.com lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Outlook 2010 kò mọ ọ̀nà tuntun yìí. Ẹ lè lọ sínú Gmail, kí ẹ tan 2-Step Verification, kí ẹ sì gba App password fún un, tàbí kí ẹ kúkú bọ́ sórí Thunderbird tuntun tó mọ ọ̀nà náà.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dá àtúnṣe Windows 10, Office 2016 àti Office 2019 dúró. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò bọ́gbọ́n mu kí orúkọ àti owó ọmọ ẹgbẹ́ wà lórí wọn títí.

Ibi tó yẹ kí lẹ́tà ẹgbẹ́ wà

Gbogbo ohun tí a sọ yìí ń wo àìsàn. Èyí tó máa dènà rẹ̀ ni kí lẹ́tà ẹgbẹ́ má ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo.

Ọ̀nà méjì ni áàpù fi ń gba ímeèlì. Ọ̀kan ń jẹ́ POP. Ó dà bí ẹni lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, tó kó gbogbo lẹ́tà inú àpótí, tó gbé e lọ sílé. Àfi tí ẹ bá sọ fún un pé kó fi ẹ̀dà sílẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Èkejì ń jẹ́ IMAP, tí Mark Crispin bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986. Ní tiẹ̀, lẹ́tà wà nílé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀dà ni ẹ ń kà nílé. Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, tí wọ́n jí i, tàbí tí ẹnì kan format ẹ̀, lẹ́tà ṣì wà.

Ẹ wo Account Settings yín. Bí ẹ bá rí POP níbẹ̀, ẹ má pa á rẹ́ o. Ẹ fi àdírẹ́sì kan náà sí i gẹ́gẹ́ bí IMAP lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa wọ́ lẹ́tà pàtàkì látinú ti àtijọ́ lọ sínú tuntun díẹ̀díẹ̀. Àyè ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni jẹ́ GB 15, Gmail, Drive àti Photos ló sì jọ ń lò ó, nítorí náà kí fọ́tò ayẹyẹ má tẹ̀ lé e.

Kí àdírẹ́sì náà jẹ́ ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti akọ̀wé. Kí páásíwọọ̀dù rẹ̀ wà lọ́wọ́ olóyè méjì, kí nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò ní tètè kúrò ní Onitsha. Nígbà tí akọ̀wé bá ń padà sílé, sí Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, kí ó fà á lé ẹni tó gbapò lọ́wọ́ lójú ìpàdé, bí wọ́n ṣe ń fa ìwé ìṣirò owó léni lọ́wọ́. Ẹ sì máa ṣí i déédéé, torí Google lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ fún ọdún méjì rẹ́.

Àwa Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ lẹ́tà láti Onitsha. Lóṣù Keje ọdún 1857 ni Samuel Ajayi Crowther àti Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì John Christopher Taylor dá iṣẹ́ ìjọ CMS sílẹ̀ níbẹ̀, létí odò Ọya. Ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ ń gba orí omi lọ sí London, ọkọ̀ kì í sì í wá lójoojúmọ́. Síbẹ̀, àwọn ìwé ìjọ náà ṣì wà lónìí ní Yunifásítì Birmingham, níbi tí olùṣèwádìí ti ń kà wọ́n. Ohun tó fà á ni pé wọn kò fi sílẹ̀ sínú àpótí ẹnì kan ní Onitsha. Wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé.

Bí ẹ bá fẹ́ pe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Nígbà míì ọ̀rọ̀ á ju ẹ̀yin fúnra yín lọ, pàápàá tí hard disk bá ń dún kàkà-kàkà. Bí ẹ bá gbọ́ ìró yẹn, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ má tún un tàn mọ́, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ nípa gbígba fáìlì padà.

Fún èyí tó kù, kí ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún oníṣẹ́ jẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má format ẹ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà kọ́kọ́." Ẹ sọ ohun tí ẹ ti dán wò fún un. Bí ó bá ní òun máa yọ Outlook kúrò kí òun tún un fi sí i, ẹ sọ fún un pé ìyẹn kì í sábà wo ẹrù tó pọ̀ jù sàn, nítorí fáìlì àtijọ́ yẹn náà ló máa tún gbé.

Ẹ má fi kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kó sùn síbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé àti àkáǹtì báńkì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 sì ní kí ẹni tó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níkàáwọ́ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kí ẹnì kan jókòó tì í títí tí iṣẹ́ á fi parí.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ ṣe ohun méjì: ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà, kí ẹ sì wò ó bóyá POP ni tàbí IMAP. Wákàtí kan kò lè gbà á tán. Kí ẹ sì ròyìn rẹ̀ fún ẹgbẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.